Ọmọbìnrin tí Irọ́ Kò Lè Borí: Ìgbésí Ayé Ìyá Wa Aisha, Ọmọ Abu Bakr

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó ń bo àṣírí àwọn ẹrú Rẹ̀, tí Ó sì ń fi òtítọ́ hàn ní àkókò tí Ó bá fẹ́. A ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń wá àforíjìn Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, a ń gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba, nínú ìṣe wa, àti pàápàá nínú ohun tí ń ti ẹnu wa jáde.

Lẹ́yìn ọpẹ́ àti àdúà, bí a bá ní kí gbogbo ẹni tí ń jẹ́ Àíṣátù dìde nínú mọ́sálásí wa yìí, ènìyàn púpọ̀ ni yóò dìde lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Orúkọ tí à ń sọ ọmọ wa ní ọjọ́ kẹjọ ni, nítorí ìfẹ́ tí a ní sí Ìyá àwọn onígbàgbọ́ òdodo, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. A mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí aya Ànábì, a sì mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí onímọ̀. Ohun tí a kì í sábà dúró lé lórí ni pé kí ó tó di olùkọ́ fún gbogbo ìjọ mùsùlùmí, ó ti jẹ́ ọmọdébìnrin kan tí ìlú fi ẹnu bà lórúkọ jẹ́, tí ojú sì ti baba àti ìyá rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ tí kò ṣẹlẹ̀. Apá ìgbésí ayé rẹ̀ yìí ni a fẹ́ tú palẹ̀ lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin tiwa.

Ilé iyì ni wọ́n bí Aisha sí ní Mẹ́kà. Abu Bakr, baba rẹ̀, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba Ànábì gbọ́. Oníṣòwò tí gbogbo ìlú gbẹ́kẹ̀ lé ni, ó sì mọ ìran àwọn Lárúbáwá láti ìdílé dé ìdílé. Umm Ruman ni ìyá rẹ̀. Inú ẹ̀sìn ni Aisha là ojú sí. Kò mọ ìgbà kankan tí àwọn òbí rẹ̀ ń ṣe ẹ̀sìn mìíràn. Lẹ́yìn Hijira, ní ọdún 622, ẹbí náà di ará Mẹ̀dínà, yàrá kékeré tí ó kángun sí mọ́sálásí sì di ilé Aisha ní ọ̀dọ̀ Ànábì.

Ní ọdún 5 lẹ́yìn Hijira, tàbí ọdún 6 gẹ́gẹ́ bí àwọn onítàn mìíràn ti sọ, Ànábì jáde lọ bá àwọn ọmọ Mustaliq jagun ní ibi omi tí wọ́n ń pè ní Muraysi. Àṣà rẹ̀ ni láti ṣẹ́ gègé láàárín àwọn aya rẹ̀ bí ó bá ń lọ sí ìrìn-àjò, gègé sì mú Aisha. Àṣẹ hijáàbù ti sọ̀kalẹ̀ nígbà náà. Inú àtíbàbà kékeré kan tí a bò pinpin ni ó máa ń jókòó sí. Wọn yóò gbé e sórí ràkúnmí pẹ̀lú àtíbàbà náà, wọn yóò sì sọ ọ́ kalẹ̀ bákan náà.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, tí Mẹ̀dínà ti sún mọ́ tòsí, ẹgbẹ́ ọmọ ogun sọ̀ kalẹ̀ sinmi ní òru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, a kéde pé kí gbogbo ènìyàn múra. Aisha ti yà sí ẹ̀yìn láti gbọ́ tara rẹ̀. Nígbà tí ó padà, ó fọwọ́ kan àyà, ó rí i pé ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn òun ti já bọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ òkúta láti Zafar ní ilẹ̀ Yemen ni. Ó padà lọ wá a. Kí ó tó rí i, àwọn tí ń gbé àtíbàbà rẹ̀ ti gbé e sórí ràkúnmí, wọ́n rò pé ó wà nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin ìgbà náà kì í jẹun púpọ̀, ara wọn fúyẹ́, Aisha sì tún jẹ́ ọmọdé. Kò sí ẹni tí ó fura pé ẹrù náà ti dínkù.

Nígbà tí ó dé ibùdó, kò bá ẹnì kankan. Kò sáré kiri nínú aṣálẹ̀. Ó jókòó sí ojú ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, ó mọ̀ pé bí wọ́n bá wá òun tì, ibẹ̀ ni wọn yóò padà sí. Oorun sì gbé e lọ. Safwan ọmọ Mu'attal, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà, wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Ó rí òjìji ènìyàn, ó sún mọ́ ọn, ó sì dá Aisha mọ̀ nítorí pé ó ti rí i kí àṣẹ hijáàbù tó dé. Ó ké gbólóhùn tí mùsùlùmí ń ké nígbà tí àdánwò bá dé, ohùn rẹ̀ sì jí Aisha, ẹni tí ó yára bo ojú rẹ̀. Safwan mú ràkúnmí rẹ̀ kúnlẹ̀, Aisha gun un, òun sì ń fà á ní ìjánu. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan láàárín wọn títí wọ́n fi bá àwọn ènìyàn nínú ooru ọ̀sán gangan.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ju èyí lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ já, ọmọbìnrin wá a, ará ìlú rẹ̀ mú un dé ilé láìséwu. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà ní Mẹ̀dínà tí ń jẹ́ Abdullah ọmọ Ubayy. Kí Ànábì tó dé ìlú náà ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń múra láti fi í jọba. Nígbà tí Ìsìláàmù dé, ìrètí yẹn di òfo. Ó ń kírun pẹ̀lú àwọn mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ṣọ̀bẹ-ṣelu ni. Òun ni ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Kò nílò ẹ̀rí. Ó kàn sọ ọ́ síbi tí etí wà, àwọn onígbàgbọ́ fúnra wọn sì bá a gbé e kiri. Mẹ́ta tí ìtàn dárúkọ nínú wọn ni Hassan ọmọ Thabit tí í ṣe akéwì, Hamna ọmọ Jahsh, àti Mistah ọmọ Uthatha. Mistah jẹ́ ìbátan Abu Bakr, tálákà sì ni. Abu Bakr ni ó ń bọ́ ọ.

Oṣù kan gbáko ni ìlú fi ń sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Àìsàn dá a dúbúlẹ̀ bí wọ́n ti dé. Ohun kan ṣoṣo tí ó kíyè sí ni pé ìkẹ́ tí Ànábì máa ń fi hàn án nígbà tí ara rẹ̀ kò bá yá kò rí bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Yóò wọlé, yóò kí wọn, yóò béèrè àlàáfíà rẹ̀, yóò sì jáde. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí ara rẹ̀ ti ń mókun díẹ̀, òun àti ìyá Mistah jáde lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Aṣọ ìyá náà kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó sì fi ọmọ ara rẹ̀ gégùn-ún. Aisha bá a wí pé kò yẹ kí ó ṣépè fún ẹni tí ó wà ní ogun Badr. Ẹ wo bí ó ti rí: ó ń gbèjà ọkùnrin tí ń bà á lórúkọ jẹ́, nítorí pé kò tíì gbọ́. Ibẹ̀ ni ìyá náà ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Àìsàn padà dé, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó gba ìyọ̀nda lọ́wọ́ Ànábì láti lọ sí ilé àwọn òbí rẹ̀, kí ó lè mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn. Ìyá rẹ̀ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó ní kí ó má fi sọ́kàn jù. Ìgbà náà ni ó mọ̀ pé gbogbo ìlú ti gbọ́ ṣáájú òun. Ó sunkún mọ́jú, oorun kò kun ojú rẹ̀, ó sì rò pé ẹkún náà yóò fa ẹ̀dọ̀ òun ya. Obìnrin kan nínú àwọn Ansar wọlé wá, ó jókòó tì í, ó sì bá a sunkún. Ìtàn kò dárúkọ obìnrin náà, kò sì sọ pé ó sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Aisha kò gbàgbé rẹ̀. Ó ṣì ń ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ọjọ́ àdánwò ni a fi í mọ ẹni tí ń bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ànábì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Usama ọmọ Zayd, ó jẹ́rìí rere. Ali gbà á nímọ̀ràn pé kí ó bi ìránṣẹ́bìnrin tí ń wọlé tọ Aisha léèrè. Barira, ìránṣẹ́bìnrin náà, fi Ọlọ́hun búra pé òun kò rí àbùkù kankan lára rẹ̀ ju pé ọmọdé ni, tí ó máa ń sùn lọ nídìí ìyẹ̀fun tí ó pò, tí ẹran ọ̀sìn yóò sì wá jẹ ẹ́. Zaynab ọmọ Jahsh, tí í ṣe orogún rẹ̀, tí ó sì ń bá a du ipò lọ́dọ̀ Ànábì, ni ó ṣọ́ etí àti ojú rẹ̀, tí ó ní ire ni òun mọ̀ nípa Aisha. Àbúrò rẹ̀ Hamna ni ó ṣubú sínú ọ̀rọ̀ náà nítorí pé ó rò pé òun ń jà fún ẹ̀gbọ́n òun. Ní ilé Abu Ayyub, tọkọtaya jókòó, wọ́n bi ara wọn bóyá àwọn lè hu irú ìwà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní rárá. Wọ́n wá sọ pé Aisha àti Safwan dára ju àwọn lọ, ọ̀rọ̀ sì parí ní ilé yẹn.

Lẹ́yìn oṣù kan, Ànábì wọ ilé Abu Bakr, ó jókòó ti Aisha. Ó sọ fún un pé bí ó bá mọ́, Ọlọ́hun yóò fọ̀ ọ́ mọ́. Bí ó bá sì ṣẹ̀, kí ó ronú pìwà dà, nítorí Ọlọ́hun a máa gba ìrònúpìwàdà. Omijé ojú Aisha dá gbẹ́. Ó ní kí baba òun fèsì. Abu Bakr kò mọ ohun tí yóò sọ. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. Bákan náà ni. Ọmọdébìnrin tí ó jẹ́wọ́ pé òun kò tíì mọ Kùránì púpọ̀ sórí nígbà náà ni ó wá sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀. Ó ní òun kò ní jẹ́wọ́ ohun tí òun kò ṣe láti fi tẹ́ ènìyàn lọ́rùn. Ó wá orúkọ Ànábì Yaakubu nínú ọpọlọ rẹ̀, ìbànújẹ́ kò jẹ́ kí ó rí i; ó pè é ní baba Yusufu, ó sì mú sùúrù baba náà ní àwòkọ́ṣe. Ó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn rẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

Wọn kò tíì dìde níbẹ̀ tí ìmísí fi sọ̀ kalẹ̀. Òógùn ń bọ́ lára Ànábì bí ìlẹ̀kẹ̀ nínú òtútù. Aisha rò pé bóyá Ọlọ́hun yóò fi àlá fọ òun mọ́. Kò rò pé ọ̀rọ̀ òun tó ohun tí a ó máa ké nínú ìrun títí ayé. Àwọn àáyá láti ìkọkànlá nínú Súrà An-Nuur ni. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ní kí ó dìde lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ànábì, ó ní Ọlọ́hun nìkan ni òun yóò yìn, nítorí Òun ni ó sọ̀rọ̀ nígbà tí gbogbo ènìyàn dákẹ́. Òfin ti dúró nínú Súrà kan náà pé ẹni tí ó bá fi ẹ̀sùn sìná kan obìnrin mímọ́ láìmú ẹlẹ́rìí 4 wá, pàṣán 80 ni yóò jẹ, a kò sì ní gba ẹ̀rí rẹ̀ mọ́ àyàfi bí ó bá ronú pìwà dà. A fi pàṣán náà jẹ Mistah, Hassan àti Hamna.

Abu Bakr búra pé òun kò ní bọ́ Mistah mọ́. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Àáyá kejìlélógún sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀, ó bi àwọn ọlọ́lá bóyá wọn kò fẹ́ kí Ọlọ́hun forí ji àwọn náà. Abu Bakr ní òun fẹ́. Ó dá oúnjẹ Mistah padà, kò sì dá a dúró mọ́ láéláé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ oníwáàsí máa ń fi ìtàn náà sí nìyí. Ṣùgbọ́n ó ku ọdún tí ó lé ní àádọ́ta fún Aisha láti lò láàárín àwọn ènìyàn tí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ìdáláre ti ọ̀run wá. Gbígbé ìgbé ayé lẹ́yìn rẹ̀ kù sí i lọ́wọ́.

Kò fara pamọ́. Ìmọ̀ ni ó dojú kọ. Ohunkóhun tí ó bá gbọ́ lẹ́nu Ànábì tí kò yé e, yóò béèrè títí yóò fi yé e. Nígbà tí Ànábì fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 11 lẹ́yìn Hijira, inú yàrá Aisha ni ó kú sí, ibẹ̀ ni a sì sin ín sí. Ọdún 47 ni Aisha lò lẹ́yìn náà, ẹ̀yìn aṣọ ìkélé rẹ̀ sì di ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn àgbà sàhábà ń wá bi í léèrè nípa ogún pínpín, nípa ìrun, nípa ìmọ́tótó obìnrin. Hádíìsì 2210 ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba Qasim, ọmọ arákùnrin rẹ̀ tí ó di ọmọ òrukàn, tọ́. Ó kọ́ Urwa, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn méjèèjì wà nínú àwọn onímọ̀ 7 tí Mẹ̀dínà fi ń yangàn. Ó kọ́ Amra, obìnrin tí àwọn onímọ̀ ọkùnrin ń gba ìmọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi etí sí èyí dáadáa. Ọmọbìnrin tí ọ̀rọ̀ tí a kò wádìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ni ó di ẹni tí ń yẹ ọ̀rọ̀ wò fún gbogbo ìjọ. Bí ẹnì kan bá ròyìn ohun kan nípa Ànábì, tí ó rí àṣìṣe nínú rẹ̀, yóò tún un ṣe, ẹni yòówù kí ó sọ ọ́. Àwọn àtúnṣe rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Zarkashi fi kó wọn jọ sínú odidi ìwé kan. Nígbà kan, Urwa gbé hádíìsì kan wá láti ẹnu Abdullah ọmọ Amr. Aisha kò sọ pé irọ́ ni, kò sì yára gbà á. Ó dúró di ọdún kejì, ó rán Urwa padà lọ bi ọkùnrin náà léèrè ohun kan náà. Abdullah sọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ kan kún un, láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Ìgbà náà ni Aisha gbà á. Ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu lè fi ènìyàn ṣe.

Hassan akéwì dàgbà, ojú rẹ̀ fọ́. Aisha gbà á láyè láti wọlé wá jókòó. Nígbà tí Urwa fẹ́ bú u, Aisha kọ̀ fún un, ó ní ọkùnrin náà ti fi ewì rẹ̀ gbèjà Ànábì. Ó rántí ire rẹ̀, ó sì fi aburú rẹ̀ lé Ọlọ́hun lọ́wọ́.

Aisha kú ní òru ọjọ́ 17 oṣù Ramadan, ọdún 58 lẹ́yìn Hijira. Abu Huraira ni ó kírun sí i lára, a sì sin ín sí Baqi ní òru náà. Nígbà tí Ibn Abbas wá kí i lórí àìsàn, tí ó ń yìn ín pé láti ọ̀run ni ìwẹ̀mọ́ rẹ̀ ti wá, ó ní ó wu òun kí òun ti jẹ́ ohun ìgbàgbé. Masruq, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kì í dárúkọ rẹ̀ lásán bí ó bá ń ròyìn láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó máa ń pè é ní olódodo ọmọ olódodo, ẹni tí a fọ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi bà á jẹ́ ni ó di oríkì rẹ̀.

Kútúbà Kejì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin mùsùlùmí òdodo, lóde òní ọ̀rọ̀ kì í gba oṣù kan mọ́ kí ó tó kárí ìlú. Ẹnì kan fi ohùn tàbí àwòrán ránṣẹ́ lórí Wasaapu lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí a tó kírun ọ̀sán, ọmọbìnrin kan kò lè jáde nílé mọ́. A ti rí i tí wọ́n yọ ọmọ kúrò ní ilé-kéú nítorí àhesọ. A ti rí i tí wọ́n sáré fi ọmọ fún ọkọ tí kò fẹ́, kí ojú má baà ti ẹbí. Ẹni tí ó dá irọ́ sílẹ̀ dá ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwa tí à ń fi ránṣẹ́ síwájú ni ó fi ṣe é. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìlú ti fọ́ lọ́kàn ńkọ́, ta ni yóò dá ogún ọdún rẹ̀ padà?

Ẹ̀yin òbí, Abu Bakr àti Umm Ruman kò mọ ohun tí wọ́n lè sọ, ṣùgbọ́n wọn kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ wọn. Bí o kò bá ní èsì, ní ibùsùn fún un. Ẹ̀yin obìnrin, bí ẹ kò bá lè gbèjà ọmọ náà, ẹ lọ jókòó tì í gẹ́gẹ́ bí obìnrin Ansar yẹn. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ bá dé etí yín, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè tí Abu Ayyub àti aya rẹ̀ bi ara wọn.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ẹni tí kò bá ṣẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe nítorí pé ọ̀rọ̀ pọ̀. Ẹni tí ó bá sì ṣẹ̀ nítòótọ́, ẹ rántí pé ìlẹ̀kùn méjì ni Ànábì ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò ti ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé baba tàbí ìyá yín ni ó ṣe ohun ìtìjú, ẹrù wọn kì í ṣe ẹrù yín lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ẹ padà sí ilé-kéú, ẹ padà sí ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí ìmọ̀ àti ìwà sọ yín lórúkọ tuntun.

Ọlọ́hun, bo àṣírí wa. Ṣọ́ ahọ́n wa àti ọwọ́ wa. Fọ àwọn tí a parọ́ mọ́ nínú àwọn ọmọ wa mọ́, gba ìrònúpìwàdà àwọn tí ó ṣẹ̀, kí O sì fún wa ní ọkàn tí ó lè forí jini. Forí ji àwọn òbí wa, tọ́jú àwọn aláìsàn wa, fi àlàáfíà sí ìlú wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì Muhammad, àwọn aya rẹ̀ tí í ṣe ìyá wa, àti gbogbo ará ilé rẹ̀. Àmín.